Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ará Jámánì: Ọdún Kìíní Olùkọ́ Àjèjì ní Ìbàdàn



Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dún yìí, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọdún àkọ́kọ́ tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò nílé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àjèjì, torí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ojú rẹ̀ ti wà lẹ́nubodè. Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ fẹ́ gbọ́ ti físà, ti owó oṣù, ti òtútù. Físà yóò kàn wá tó bá yá. Ìbàdàn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín lọ. Kí ọmọ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe lọ kọ́ ẹlòmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ àwa náà. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti lo ọdún kìíní tiwọn, ohun tí wọ́n bá pàdé sì wúlò fún yín ju ìmọ̀ràn yòówù tí mo lè yọ láti àpò ara mi lọ.

Oṣù kìíní ọdún 1948 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 kó láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá wá sí Ìbàdàn láti bẹ̀rẹ̀ University College tuntun. Ilé tó yẹ ní yunifásítì kò tíì sí nílẹ̀. Ilé ìwòsàn tí àwọn sọ́jà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n sọ di kíláàsì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Kenneth Mellanby, onímọ̀ nípa kòkòrò, ni ọ̀gá àgbà. Ṣùgbọ́n Yunifásítì London ló ni oyè tí wọn yóò gbà. London ló ń fọwọ́ sí ìwé tí wọn yóò kà àti ìdánwò tí wọn yóò ṣe, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di 1962 tí Ìbàdàn dá dúró. Olùkọ́ tó bá dé síbẹ̀ bá ilẹ̀ tí wọ́n ti pín tán: ohun tó wù ú láti kọ́ni wà lápá kan, ohun tí London yóò béèrè wà lápá kejì.

Ẹni tí wọ́n fi jẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Dẹ́nmáàkì ni. Paul Christophersen lorúkọ rẹ̀, ní Copenhagen ni wọ́n bí i sí ní 1911. Ìwé tó sọ ọ́ di ẹni àmọ̀káàkiri láàárín àwọn onímọ̀ èdè jáde ní 1939, orí àwọn ọ̀rọ̀ tíntìntín bíi “the” àti “a” ló sì dá lé látòkèdélẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti máàkì àròkọ rí mọ ohun tí “the” ti fojú wa rí. Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Ní èdè Dẹ́nmáàkì, ìdí ọ̀rọ̀ orúkọ ni wọ́n ń lẹ tiwọn mọ́. Ẹni tó bá ti ìta wọlé ló máa ń rí irú nǹkan báyìí. Onílé ti ń gbé e kọjá láti kékeré, kò rí i mọ́.

Nígbà tó tó àkókò láti sọ ọ̀rọ̀ ìwọṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, ní 1948 yẹn náà, kò mú Shakespeare, kò mú Milton. Àwọn ènìyàn tí ń gbọ́ èdè méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé lórí. Lójú tèmi, ohun tó gbọ́n jù tí olùkọ́ àjèjì lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ó ka iye ẹni tó wà nílé kó tó sọ̀rọ̀. Èdè Dẹ́nmáàkì ni òun fi dàgbà. Àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ fi Yorùbá dàgbà, tàbí Igbo, tàbí Ẹ̀dó, tàbí Ẹ́fíìkì. Ó ṣòro láti rí nínú wọn ẹni tó mu Gẹ̀ẹ́sì lọ́mú ìyá.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹwàá 1950, èkejì dé. Ulli Beier ni. Ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn rí, ẹ sì ti gbọ́ ti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ wá. Iṣẹ́ tó gbé ọkùnrin náà wá gan-an ni àwọn èèyàn kì í rántí. Wọn kò gbà á nítorí òrìṣà, wọn kò gbà á nítorí iṣẹ́ ọnà, wọn kò sì gbà á nítorí eré orí ìtàgé Dúró Ládiípọ̀. Wọ́n gbà á láti wá kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní bí a ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì.

Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1922. Júù ni bàbá rẹ̀, dókítà oníṣègùn sì ni. Nígbà tí Hitler gorí àga, ìdílé wọn kó lọ sí Palestine tó wà lábẹ́ àkóso ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ogun bẹ́ sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì kó wọn sí àhámọ́ pé ọmọ Jámánì ni wọ́n, pé ọ̀tá ni wọ́n. Ní Palestine náà ló ti gba oyè àkọ́kọ́ Yunifásítì London, ó ń kàwé láti òkèèrè, gẹ́lẹ́ bí àwọn ọmọ Ìbàdàn yóò ṣe gba tiwọn. Lẹ́yìn ogun ló wọ London, tó kọ́ nípa ìró èdè. Ṣé ẹ rí i bí ayé ṣe ń yí? Àwọn tó tì í mọ́lé torí èdè ìyá rẹ̀ ló wá fi ẹnu tiwọn lé e lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ fún wa.

Kí ni olùkọ́ ìró èdè ń ṣe nígbà náà? Ọ̀nà tí Daniel Jones, onímọ̀ ìró èdè, là sílẹ̀ ní London ni gbogbo wọn ń tọ̀, ìwé atúmọ̀ ìpè rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde ní 1917 sì ni òfin. Olùkọ́ á dúró, á máa pe ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ kankan, akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi àmì ìró kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Wọ́n á mú dígí kékeré kí oníkálukú wo bí ahọ́n òun ṣe ń gbéra. Etí ni wọ́n ń kọ́ kó tó kan ẹnu. Ọmọ Yorùbá tó bá jókòó sí irú kíláàsì yẹn gbé kọ́ńsónáǹtì 18 wá láti ilé, Gẹ̀ẹ́sì sì ń béèrè 24. Kò ní v, kò ní z, kò ní ìró méjèèjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi t àti h kọ. Ó ní gb tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fún un ní máàkì fún ìyẹn. Fáwẹ́lì àìránmúpè rẹ̀ jẹ́ 7. Ti Gẹ̀ẹ́sì London, láìka àwọn tí ohùn ti ń yọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, jẹ́ 12. Ibẹ̀ ni ship àti sheep ti ń wọ ilé kan náà. Yorùbá kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì pa sílébù dé, kì í jẹ́ kí méjì sún mọ́ra, ni bread fi di búrẹ́dì.

Ti ohùn ló dùn mọ́ mi jù. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Ó kàn máa ń fi agbára tẹ sílébù kan ju àwọn tó kù lọ. Kí wá ni etí Yorùbá ṣe sí agbára yẹn? Ó gbọ́ ọ bí ohùn òkè. Ẹ gbọ́ tíṣà. Ẹ gbọ́ sọ́jà. Ẹ gbọ́ gómìnà. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀ ẹ́ gan-an ni ohùn òkè bọ́ sí. Àwọn ìyá wa tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣe iṣẹ́ yìí, wọn kò sì ṣì í. Olùkọ́ tó bá wọ kíláàsì lọ́dún kìíní rẹ̀, tó gbọ́ gómìnà, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àṣìṣe, ti ju irinṣẹ́ tó dára jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nù. Ọmọ náà ti mọ ibi tí agbára wà. Ohun tó kù ni kí ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láìgbé e sókè.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí: Jámánì náà kò ní ìró tí Gẹ̀ẹ́sì fi t àti h kọ yẹn. Ẹni tí wọn kò bí ìró náà mọ́ ló wá ń kọ́ ẹni tí wọn kò bí i mọ́. Àwọn kan yóò ní afọ́jú ń fa afọ́jú. Èmi kò gbà. Ẹni tó kọ́ nǹkan bí ẹni kọ́ṣẹ́ lè júwe ibi tí ahọ́n wà. Ẹni tí wọ́n bí i mọ́ yóò kàn máa tún un pè ni, yóò máa gbóhùn sókè sí i, bí ẹni pé adití ló jókòó síwájú rẹ̀.

Síbẹ̀ Beier kò pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ohun tó bá ní ọgbà yẹn, tó sì kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìwé tó pè ní In a Colonial University, kò bá a lára mu: àwọn òyìnbó ń gbé lọ́tọ̀, ìwé London nìkan ni wọ́n ń kà, ìlú ńlá tó yí wọn ká kò sì wọ inú ẹ̀kọ́ rárá. Ní 1951 ó bọ́ sí ẹ̀ka tó ń ṣètò kíláàsì fún àwọn àgbàlagbà káàkiri ìlú, lábẹ́ Robert Gardiner, ọmọ ilẹ̀ Gánà. Òun àti Wenger kó lọ sí Ẹdẹ, níbi tí Tìmì Adétòyèsè Láoyè, ọba tó mọ ìlù í lù, wà lórí oyè. Níbẹ̀ ni Wenger ti pàdé Ajagẹmọ, olórí àwọn ọlọ́bàtálá. Láti Ẹdẹ ó di Ìlobùú, láti Ìlobùú ó di Òṣogbo. Ìwé àtìgbàdégbà Odù jáde ní 1955, Black Orpheus tẹ̀ lé e ní 1957, Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961. Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe máa ń sọ ìtàn yẹn ni bí ẹni pé kíláàsì tó fi sílẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n, tí ọ̀nà Ẹdẹ sì jẹ́ òmìnira. Mo bọ̀wọ̀ fún Beier, ohun tó ṣe fún wa pọ̀, n kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù ú kù níwájú mi. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, ìbéèrè tíṣà ló sì wà lẹ́nu mi: àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ ní kíláàsì ńkọ́? Ìdánwò London ń bọ̀ lórí wọn. Wọn kò lè bá a lọ sí Ẹdẹ. Láyé ìgbà yẹn ẹgbẹ́ ìlú máa ń dá owó jọ láti rán ọmọ wọn lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì lè padà wá sọ fún àwọn àgbà pé òun féèlì Gẹ̀ẹ́sì torí pé olùkọ́ òun fẹ́ràn ìlù. Ẹni tó ń wá Gẹ̀ẹ́sì London ní 1950 kì í ṣe ẹni tí wọ́n ti gba ọkàn rẹ̀. Ó ń wá iṣẹ́. Ó ń wá àga tí òyìnbó jókòó lé. Ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì yìí ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ohun tó sì máa ń ṣe olùkọ́ àjèjì lọ́dún kìíní nìyí, ẹ ṣọ́ ọ lára yín. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ó ti mọ ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ó dé láti wá kọ́ wọn ní bí wọn yóò ṣe kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ó wá ń bínú pé wọn kò bìkítà fún ewì. Tàbí kó jẹ́ pé ewì ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún, òun sì fẹ́ràn àṣà ìlú wọn débi pé ó ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ kí wọ́n má baà sọ ara wọn nù. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Christophersen ní tirẹ̀ jókòó títí di 1954. Kò sí àwòrán rẹ̀ lára ògiri wa, kò joyè, ẹ lè ti ka Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́ta ní yunifásítì kí ẹ má gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1953 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú English Studies lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní pàtàkì. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ìbá fi bírò pupa fà ní ìlà lábẹ́, òun ń kó wọn jọ, ó ń wádìí ibi tí wọ́n ti wá. Ní 1959, tó ti fi Ìbàdàn sílẹ̀, ó tún kọ òmíràn lórí ọ̀rọ̀ méjì péré, “dash” àti “ju-ju”. Etí rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì fún ọmọ tèmi ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti mọ ẹni tí màá mú.

Kò wá yẹ kí ẹ rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kàn jókòó, tí wọ́n ń gba ohun tí wọ́n bá fún wọn. Chinua Achebe wọ Ìbàdàn ní 1948, ó sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ó máa ń sọ nípa Mister Johnson, ìwé ìtàn tí Joyce Cary kọ nípa Nàìjíríà, tí wọ́n fún wọn kà ní kíláàsì. Olùkọ́ ka ìwé náà sí ohun iyebíye. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní ibi kan ṣoṣo tó dùn mọ́ òun nínú ìwé náà ni ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Johnson. Ẹ̀rù ba olùkọ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́dún kìíní, ẹ dúpẹ́, ẹ sì ní kí ọmọ náà lọ kọ ojú ewé méjì lórí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí Achebe padà fi Gẹ̀ẹ́sì yẹn kọ.

Bí ẹnì kan bá sì ní ẹni tí wọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ni ìbá bá wa mọ̀ ọ́n ṣe, ọgbà Ìbàdàn kan náà ní èsì. Ní oṣù kẹwàá 1961, àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps láti Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà wà níbẹ̀, wọ́n ń múra àtilọ ṣe tíṣà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin ẹni ọdún 23, kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé nípa ìdọ̀tí àti ìnira tó rí nígboro. Káàdì náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ká gbogbo ọgbà, wọ́n wọ́de, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun padà. Kì í ṣe pé ó purọ́, ará Ìbàdàn tó ń fo gọ́tà lójoojúmọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni òmìnira pé nígbà náà, àwọn baba wa sì ti ní àjèjì lójú, kò fi ríran. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí mọ́ ọn kò gbà á sílẹ̀.

Ó wá kan físà. Kòríà ti Gúúsù ní físà kan tí wọ́n ń pè ní E-2 fún olùkọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí yóò fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè 7: Amẹ́ríkà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand, South Africa. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ẹ ti lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ yín láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, ìwé ìrìnnà yín ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, wọn kò ní í tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Lábẹ́ irú òfin yẹn, Christophersen kì bá tí rí ààyè kọ́ni ní Ìbàdàn. Ní 1973 Christophersen ṣì ń kọ̀wé láti bá àwọn tó gbà pé ẹni tó fi àgbà kọ́ èdè kò lè ní in dáadáa jiyàn.

Ọ̀nà mìíràn wà. Láti 1987 ni ìjọba wa ti ní ètò Technical Aid Corps tó ń rán àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, tíṣà wà nínú wọn, lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Káríbíánì àti erékùṣù Pàsífíìkì fún ọdún méjì. Ẹ béèrè nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fura pé ibi tí ọ̀pọ̀ yín yóò ti ṣe ọdún kìíní sún mọ́ ilé ju ìyẹn lọ: Kùtọnu, Àjàṣẹ́, Kétu, Sàbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin ni gbogbo wọn wà.

Kétu ni ìṣọ́ra yín ti gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, torí pé ẹ ó rò pé ilé lẹ wà. Àwọn ọmọ yóò fi Yorùbá kí yín. Nílé, Yorùbá, nílé-ẹ̀kọ́, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì yín ló ṣe ẹ̀kẹta. Yorùbá wọn kò rí bíi tiyín, ẹ má tún un ṣe, wọn kò pè yín fún ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì wọn ni kí ẹ tẹ́tí sí, torí pé Faransé ti kọjá lára rẹ̀. Wọ́n ní v, wọ́n ní z, ẹ̀bùn tí ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn tí kò sí nínú Yorùbá yín. Wọn yóò máa gbé agbára ọ̀rọ̀ lọ sí ìparí, bí Faransé ṣe ń ṣe. H yóò máa sọnù lẹ́nu wọn, èyí tí kò yẹ kó ya àwa tí ń fi h kún egg, tí ń yọ ọ́ kúrò lára house, lẹ́nu rárá.

Ọmọ Kétu kan yóò dìde, yóò ní “zis is my book.” Ẹ̀yin náà, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, “dis” lẹ máa ń pè é nígbà tí ọ̀gá kò bá sí nítòsí. Ẹ má sọ fún un pé tirẹ̀ ló burú. Ẹ wá dígí kékeré kan, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ dúró síwájú rẹ̀, kí òun kúrò níbi z, kí ẹ̀yin kúrò níbi d, kí ahọ́n yín yọ díẹ̀ sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú ohùn. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ẹnu fèrèsé kọjá lásìkò yẹn, tó bá tíṣà tuntun àti ọmọ kíláàsì tí wọ́n jọ yọ ahọ́n síta níwájú dígí, yóò dúró béèrè ohun tí ẹ ń ṣe. Faransé ni yóò fi béèrè, ẹ ti múra èsì yín sílẹ̀ ní Faransé.